Ewu Àdèmọ́lẹ̀: Ìdí Tí Arìnrìn-àjò Afẹ́ Fi Ń Sún Mọ́ Ọ̀nì àti Àkúrákudà

Ní Págà, ìlú kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, lẹ́bàá ibodè Burkina Faso, àwòrán kan wà tí àlejò kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ láìyà. Ọ̀nì ńlá kan yóò nà gbalaja sí etí adágún, ẹnu rẹ̀ yóò là sílẹ̀ díẹ̀, oòrùn yóò máa pa á lẹ́yìn. Àlejò yóò gba ẹ̀yìn ẹranko náà wá, yóò lóṣòó, yóò di ìrù rẹ̀ mú, yóò sì kọjú sí ẹni tí ó ń yàwòrán. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò ní tó ẹ̀rín gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yóò sì ti múra àtisá. Kí ó tó débẹ̀, ó ti sanwó. Ó ti ra adìẹ alààyè tí olùtọ́jú adágún yóò fi pe ọ̀nì jáde. Ó sì ṣeé ṣe kí ó ti rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láti ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kí ó lè lo ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́yìn ẹranko náà.

Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá dé Ìdó-Èkìtì, ìbéèrè tí àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ bi ni pé kí ló dé. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ títí kan Ìkọ̀lé. Etí òkun jìnnà sí wọn ju 150 kìlómítà lọ, àkúrákudà inú òkun kò sì ju orúkọ lọ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀bá odò àti ibú ni wọ́n ti mọ ewu omi. Bí wọ́n bá ní ọ̀nì ń bẹ níbú kan, ìyá kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ pọn omi níbẹ̀ mọ́; ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ni yóò wá kó owó sílẹ̀ kí ó tó lọ sí ibi tí ọmọdé ń sá fún?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwòrán Págà àti ti àwọn tí wọ́n ń wẹ̀ pẹ̀lú àkúrákudà ti wà lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí yóò bá ọ̀nì pàdé lọ́jọ́ kan láìsí olùtọ́jú kankan nítòsí sì wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ẹja àti ọ̀sìn inú omi ní Ìkọ̀lé, ní ọgbà kejì Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Bí olùkọ́ kan níbẹ̀ bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, ibo ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí yóò lò?

Ọ̀rọ̀ kò ṣọ̀wọ́n o. Ìdájọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí olùsọ̀rọ̀ bá fẹ́ yin ẹni tí ó di ọ̀nì nírù mú, yóò ní ó láyà, ó gbójú, akin ni. Bí ó bá fẹ́ bú u, yóò ní ó ń fojú di ewu, ó ń fi ikú ṣeré, tàbí pé ayé ti sú u. Ìyìn nìyí, èébú nìyẹn. Kò sí èyí tí ó dúró láàárín. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí ìdí ni ó ń wá, kì í ṣe ẹ̀bi. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní “ó ń fi ikú ṣeré” ti gbà pé ikú wà níbẹ̀ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì wádìí ìyẹn. Ẹni tí ó bá ní “ó láyà” ti gbà pé ẹ̀rù kò bà á, nígbà tí ó jẹ́ pé nítorí ẹ̀rù náà gan-an ni ó ṣe wá. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá kò rí nǹkan kan rà ní Págà.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ mu jù ni ìtọ́wò ewu. Ẹni tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò kò tíì jẹun. Díẹ̀ ni ó fi kan ahọ́n, ó sì lè tu ú nù. Ọ̀rọ̀ yìí kò yin ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: ó darí èrò sí ọ̀dọ̀ ata, ata sì ni ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí ó lókìkí jù, Paul Rozin ará Amẹ́ríkà, fi tú kókó ọ̀rọ̀ yìí. Láti nǹkan bí 1980 ni ó ti ń kọ̀wé lórí bí ọmọ ènìyàn ṣe wá fẹ́ràn ohun tí ń ta á lẹ́nu. Èròjà inú ata máa ń kan iṣan ìmọ̀lára kan náà tí ń jíṣẹ́ pé iná jó ni. Ẹnu yóò ké pe iná, òógùn yóò bọ́, imú yóò ṣàn, ojú yóò ṣomi. Síbẹ̀ kò sí iná níbì kankan. Ọmọdé tí ó kọ́kọ́ tọ́ ata rodo wò á sunkún, àgbà á nu òógùn, á sì bu ọbẹ̀ kún un. Àlàyé Rozin ni pé ìgbádùn náà wà nínú pé ara ti ké ìbòòsí, ọkàn sì mọ̀ pé irọ́ ni ara ń pa. Ẹni tí ó bá ti fi ọbẹ̀ aláta jẹ iyán ní Èkìtì kò nílò ìwé kí ó tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tí ó lóṣòó sẹ́yìn ọ̀nì kò yàtọ̀ sí ti ọdẹ tí ẹfọ̀n kọjú ìjà sí. Ojú rí ewu, ọpọlọ ránṣẹ́, kókó kékeré méjì tí ó jókòó sórí kíndìnrín sì tú èròjà tí à ń pè ní adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kìkì, èémí yóò yára, ẹyinjú yóò là. Ẹ̀dọ̀ yóò tú ṣúgà tí ó tọ́jú pamọ́ sílẹ̀ kí iṣan lè rí agbára lò. Ẹ̀jẹ̀ yóò dínkù nínú ikùn, yóò sì gba ọ̀dọ̀ àwọn iṣan ńlá lọ. Yorùbá ti kíyè sí èyí tipẹ́tipẹ́: àyà já, ara bù máṣọ, orí wú. Èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yẹ fún àkíyèsí. Orí a máa wú ẹni tí ó rí ohun abàmì lóru. Orí a sì máa wú ẹni tí wọ́n ń ki oríkì ìran rẹ̀ lójú agbo. Ọ̀rọ̀ kan ni fún ìpayà àti fún ayọ̀, nítorí pé ipò kan náà ni ara wà nígbà méjèèjì.

Ní 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron ṣe ìdánwò kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Kánádà. Afárá Capilano, tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ sí òkè àfonífojì jíjìn, tí ó sì ń mì bí ènìyàn ti ń rìn, ni wọ́n lò. Ọmọbìnrin kan bi àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń kọjá ní ìbéèrè díẹ̀, ó sì fún wọn ní nọ́ḿbà tẹlifóònù rẹ̀. Àwọn tí ó bá pàdé lórí afárá tí ń mì pè é padà ju àwọn tí ó bá pàdé lórí afárá mìíràn tí ó dúró gbọn-in lọ. Àyà tí ń já nítorí gíga afárá ni àwọn ọkùnrin náà kà sí ìfẹ́ ọmọbìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún arìnrìn-àjò afẹ́: bí ó bá ti dìde lẹ́yìn ọ̀nì, tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nítòsí ni yóò jẹ nínú ìmọ̀lára náà, ìbáà ṣe ẹranko, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wá, ìbáà ṣe ìlú Págà fúnra rẹ̀. Yóò padà sílé, yóò ní òun kò rí ibi tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan a máa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìwà àbímọ́ni ni. Marvin Zuckerman ará Amẹ́ríkà ni ó ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jù lórí èyí. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1964. Ó ní àwọn ènìyàn kan kì í lè fara da ìgbé-ayé ojoojúmọ́ tí kò ní ìyípadà, wọ́n sì máa ń wá ohun tuntun àti ohun líle kiri. Òṣùwọ̀n náà wúlò láti mọ ẹni tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ẹni náà fi ń lọ sí adágún Págà, tí kò sì lọ fò sínú odò èyíkéyìí tí ọ̀nì wà. Bí ewu lásán ni wọ́n ń wá, ọ̀fẹ́ ni ewu wà káàkiri ayé.

Ibi tí Michael Apter, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Bìrìtìkó, gbé ọ̀rọ̀ náà gbà nínú ìwé rẹ̀ ti 1992 ni ó sún mọ́ òótọ́ jù. Àpèjúwe rẹ̀ rọrùn. Ẹkùn láìsí àhámọ́ á dẹ́rù bani. Àhámọ́ láìsí ẹkùn á sú ni. Ẹkùn nínú àhámọ́ ni ènìyàn ń sanwó lọ wò. Ohun méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ewu àti ohun tí ó dè é.

Àríwá Èkìtì ti mọ èyí kí ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ tó dé. Ní ọdún Ẹpa, géńdé ọkùnrin á gbé ère rù, èyí tí wọ́n gbẹ́ látara ìtì igi kan ṣoṣo; òmíràn nínú wọn wúwo ju 20 kìlógíráàmù lọ, irú iṣẹ́ àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére bíi Bámgbóyè ará Odò-Ọwá tí ó kú ní 1978. Ó gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì tí wọ́n mọ sójú agbo láìṣubú, nítorí pé bí ó bá ṣubú, àmì burúkú ni fún ìlú. Èrò kì í jìnnà sí òkìtì náà. Wọ́n á máa fún ara wọn mọ́ ibẹ̀ ni, gbogbo ẹnu á sì dákẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Eégún tí ń na ènìyàn: ọmọdé á sá lọ, á padà, á tún sá, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni yóò sì sún mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó jẹ́ kí ó jẹ́ eré ni atọ́kùn. Bí Eégún bá já mọ́ atọ́kùn lọ́wọ́, ẹ̀rín parí nìyẹn. Ìyá kálukú á máa ké pe ọmọ rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, orúkọ tí ó yẹ ohun tí Apter ṣàpèjúwe ni ewu àdèmọ́lẹ̀, kí òdì kejì rẹ̀ sì jẹ́ ewu àtúsílẹ̀. Ìbá dùn mọ́ni láti pè é ní ewu olókùn nítorí okùn atọ́kùn, ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ yóò tètè sọ ọ́ di ti Olókun, àṣìṣe yẹn yóò sì burú jù nínú àpilẹ̀kọ tí ń sọ̀rọ̀ nípa òkun. Atọ́kùn ní tirẹ̀ kò ní wàhálà. Ó ti di ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tí ń darí ètò lórí rédíò, ó sì yẹ ẹni tí ń mú àlejò lọ bá ẹranko olóró dáadáa.

Itàn bí wọ́n ṣe de àkúrákudà mọ́lẹ̀ fún olùwòran bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò dè é fún. Ní 1963, ní gúúsù Ọsirélíà, àkúrákudà funfun gbá Rodney Fox mú láyà nígbà tí ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje nínú fífi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ omi. Díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ronú bí ènìyàn ṣe lè wo ẹranko náà lójúkojú, òun ni ó sì ṣe àhámọ́ irin tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń rọ ènìyàn sínú òkun lọ bá a. Ní 1975 ni fíìmù Jaws jáde, tí ó sọ àkúrákudà funfun di ẹ̀rù gbogbo ayé. Peter Benchley, tí ó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, kábàámọ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì lo ọdún púpọ̀ láti jà fún ààbò àkúrákudà kí ó tó kú ní 2006. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ti tàn kálẹ̀, ọjà sì dé fún un: ní Gansbaai ní Gúúsù Áfíríkà, láti àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ ojú omi ń gbé àlejò lọ sí ẹ̀bá erékùṣù Dyer, wọ́n á da òróró ẹja àti ẹran ẹja sómi, àhámọ́ á wọlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àlejò á sì dúró sínú rẹ̀ títí orí ńlá funfun náà yóò fi yọ.

Báwo ni ewu yìí ti tó? Àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àkúrákudà ní Yunifásítì Florida ka ẹni 69 tí àkúrákudà bù jẹ lágbàáyé ní 2023 láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ ọ; ẹni 10 nínú wọn kú. Ní 2024, ẹni 47 ni, ẹni 4 sì kú. Ní 2023 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri pa nǹkan bí ẹni 597,000, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn sì jẹ́ ti Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́. Àlejò tí ó bá fẹ́ di ọ̀nì nírù mú á kọ́kọ́ lo oògùn ibà, á sì sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn. Èyí kì í ṣe òmùgọ̀. Ewu ẹ̀fọn kò ní ojú tí ènìyàn lè wò, kò ní eyín tí ènìyàn lè kà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó ń dé, nígbà tí kò sí ẹni tí ń yàwòrán. Ewu tí ó ṣeé tọ́wò gbọ́dọ̀ ní ojú, ó gbọ́dọ̀ tóbi, ó sì gbọ́dọ̀ parí láàárín wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni náà lè mọ̀ pé òun ti bọ́.

Àhámọ́ irin rọrùn láti rí ní Gansbaai. Bẹ́ẹ̀ ni ti Òjé ní Ìbàdàn, níbi tí agbo-ilé Délésolú ti tọ́jú ọ̀nì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn àlejò sì ń lọ wò ó. Ògiri ni ó dè é. Ṣùgbọ́n kí ni ó de ọ̀nì Págà, tí kò sí irin, tí kò sí ògiri? Kí ni ó de àwọn ọ̀nì tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Bazoulé, abúlé tí ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí Ouagadougou ní Burkina Faso, níbi tí àwọn atọ́kùn ti ń so adìẹ mọ́ orí ọ̀pá láti pè wọ́n? Kí ni ó de ti Kachikally ní Bakau, ní Gáḿbíà, tí àwọn àlejò ń fọwọ́ pa lẹ́yìn?

Àwọn ará ibẹ̀ á ní májẹ̀mú ni. Ọ̀kan nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Págà ni pé baba-ńlá wọn ń sá fún ọ̀tá, ó dé etí omi, ọ̀nì sì gbà á là. Ó búra pé ìran òun kò ní pa ọ̀nì láéláé. Ti Bazoulé ni pé nígbà ọ̀dá kan, ọ̀nì ni ó ṣamọ̀nà àwọn obìnrin dé ibi omi. Wọ́n sì ń ṣe ọdún Koom Lakré fún wọn títí di òní. Kò yẹ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ìtàn wọ̀nyí rẹ́rìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni májẹ̀mú ń ṣe. Ọ̀nì tí ẹnikẹ́ni kò lé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ lókùúta láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọ, kò ní ìdí tí yóò fi ka ènìyàn sí ọ̀tá. Ìfaramọ́ ni èyí. Yíyó tún wà níbẹ̀. Oòrùn ni ó ń mú ara ọ̀nì gbóná, kì í ṣe oúnjẹ inú rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó ń jẹ kéré gan-an sí ti ẹran afọ́mọlọ́mú tí wọ́n jọ tóbi. Ọ̀nì tí wọ́n ń ju adìẹ fún lemọ́lemọ́ kò ní ebi àtìdọdẹ.

Okùn kẹta ni ẹ̀yà, òun sì ni a mọ̀ gbẹ̀yìn. Ní 1807, Étienne Geoffroy Saint-Hilaire ará Faransé, tí ó ti rí òkú ọ̀nì tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi oògùn tọ́jú, kọ̀wé pé ẹ̀yà ọ̀nì méjì ni ó wà nínú odò Náílì, ó sì sọ èyí tí ó kéré, tí ó sì rọ̀ nínú wọn ní Crocodylus suchus. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Fún nǹkan bí igba ọdún, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ìwé, Crocodylus niloticus, ọ̀nì Náílì. Ní 2011 ni Evon Hekkala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àyẹ̀wò ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, títí kan ti òkú ọ̀nì Íjíbítì wọ̀nyẹn, fi hàn pé Geoffroy ló tọ̀nà. Ọ̀nì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ọ̀nì Náílì. Ẹ̀yà mìíràn ni, kì í tóbi tó o, kì í sì í tètè kọlu ènìyàn bíi tirẹ̀. Èyí kò sọ pé kò lè pa ènìyàn. Ó sọ pé ohun tí ó ṣeé ṣe ní Págà lè má ṣeé ṣe níbòmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹranko méjèèjì jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Ìgbà tí ènìyàn bá ń wo atọ́kùn ni ó máa ń rántí pé ewu tí a dè kò kúrò níbẹ̀. Steve Irwin ará Ọsirélíà lo ayé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nì. Ẹja pẹlẹbẹ kan tí ó ní ẹ̀gún olóró nírù ni ó gún un láyà pa ní oṣù kẹsàn-án 2006. Ní oṣù kejì 2010, orca kan tí ó ń jẹ́ Tilikum, ẹran inú òkun aláwọ̀ dúdú àti funfun, pa Dawn Brancheau, olùkọ́ni rẹ̀, ní Orlando ní Amẹ́ríkà, lójú àwọn olùwòran. Àwọn méjèèjì kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́. Olùwòran tọ́ ewu wò, ó lọ sílé. Ẹni tí ó di okùn mú ni ó ń bá a gbé lójoojúmọ́. Nínú owó tí àlejò ń san, iye tí ó yẹ ẹni yìí kì í sábà hàn.

Ẹranko náà ní tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹja tí ó bá ti mọ̀ pé ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ ni oúnjẹ, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ni yóò máa wá, títí kan ọkọ̀ tí kò ní oúnjẹ. Nítorí èyí wà lára ìdí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Florida fi ka fífún àkúrákudà ní oúnjẹ léèwọ̀ nínú omi rẹ̀ ní 2001. Ní oṣù kìíní 2023, Mẹ́síkò fòpin sí lílọ wo àkúrákudà funfun ní erékùṣù Guadalupe. Ní Gansbaai, òfin kọ́ ni ó dá nǹkan rú. Ní 2017, òkú àkúrákudà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etí òkun, ẹ̀dọ̀ wọn sì ti di àwátì: orca méjì ni ó ń pa wọ́n jẹ. Àwọn tí ó kù sá kúrò ní ìpínlẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Àhámọ́ wà, ẹkùn kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n Burkina Faso ni ẹ̀rí tí ó yanjú jù wà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 2016, àwọn apániláyà yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ kan ní Ouagadougou, rògbòdìyàn sì ti gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà láti ìgbà náà. Arìnrìn-àjò afẹ́ sá. Àwọn ọ̀nì Bazoulé kò yí padà. Eyín wọn kò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́yìn ẹranko tí ó lè já ẹsẹ̀ jẹ ni wọ́n sá fún ewu tí kò ní atọ́kùn, tí kò ní wákàtí tí yóò parí, tí kò sí ẹni tí wọ́n lè sanwó fún kí ó dè é. Bí ó bá jẹ́ ewu ni wọ́n ń wá, ìgbà náà gan-an ni wọn ìbá dé. Ẹni tí ó sì jìyà rẹ̀ ni abúlé tí ń tọ́jú àwọn ọ̀nì, nítorí pé owó àlejò ni ó ń ra adìẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Yorùbá ní ọ̀nì. Ọ̀nì kan ṣoṣo náà sì ni ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fi ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà mẹ́ta ni ó wà ní Nàìjíríà nìkan: ọ̀nì Ìwọ̀-Oòrùn tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀, ọ̀nì ẹlẹ́nu-ṣóńṣó tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ Mecistops cataphractus, àti ọ̀nì aràrá, Osteolaemus tetraspis, tí kì í sábà gùn ju mítà méjì lọ. Àwọn orúkọ wọ̀nyí lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fòǹtẹ̀ lù wọ́n kí wọ́n tó bi àwọn ọdẹ àti apẹja léèrè, nítorí pé ẹni tí ó ti ń bá omi gbé láti kékeré kì í pe ohun tí ó lè pa á àti ohun tí kò lè pa á ní orúkọ kan. Iṣẹ́ tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ Ìkọ̀lé ni, láti etí omi tí ìjọba sé ní Ìkùn-Èkìtì dé àwọn àgọ́ apẹja ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀yà kẹrin, ọ̀nì Náílì, kò sí ní Págà, kò sí ní Bazoulé, kò sì sí ní Kachikally. Etí odò Zambezi àti odò Mara ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ni ó ń gbé, níbi tí arìnrìn-àjò tí ó ti yàwòrán ní Págà lè bọ́ sí lọ́dún tí ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé amọ̀nà lọ́wọ́ tí ó ń pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà.